Bí fóònù bá ní "Ẹ dúró ná", ẹ má kánjú tẹ "Allow"

Ọ̀rọ̀ ibà, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti oúnjẹ ọmọ la sábà máa ń sọ níbí. Àmọ́ lápá Malu Road tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láàárín Apapa sí Ajegunle, kò sọ́sẹ̀ tẹ́nì kan kì í na fóònù sí mi lẹ́yìn tí mo bá wọn ìfúnpá ẹ̀ tán, táá ní: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mò ń kà á lọ́wọ́ ni, ló bá fò lọ síbòmíìràn. Ó ní kí n tẹ 'Allow'. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bi yín. Ìdí ni pé oríṣii ìkìlọ̀ méjì ló wà lójú fóònù. Àkọ́kọ́ ń wá látọ̀dọ̀ ohun èlò tẹ́ ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní browser, bíi Chrome tàbí Firefox. Ọlọ́dẹ nìyẹn, ẹ̀yin ló ń ṣọ́. Ìkejì, olè tó wọ aṣọ ọlọ́dẹ ni. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pàdánù owó, ó sì lè pàdánù ìlera pẹ̀lú, bẹ́ ẹ ṣe máa rí i níwájú.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwásẹ̀yìn ni. Ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì kàn? Ní oṣù Kejì, ọdún 2021, nígbà tí àjọ NPA tó ń mójú tó èbúté gbé ètò tuntun kalẹ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Apapa, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà ni Ètò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní káwọn onítírélà ti lọ gba àyè kí wọ́n tó wọ èbúté. Ìdánwò JAMB tí wọ́n ń fi bébà ṣe tẹ́lẹ̀, ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Báǹkì ńkọ́? Èsì ìdánwò ọmọ ńkọ́? A ò lè sá fún un mọ́, ká kúkú mọ bá a ṣe máa lò ó.

KÍ LÓ Ń GBÉ OJÚ EWÉ FÒ?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà tiwa ṣàpèjúwe. Ọkọ̀ yín ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí Malu Road, ẹ dé ibì kan, wọ́n ti gbé nǹkan dí ọ̀nà, ẹnì kan sì ń juwọ́ sí yín pé kẹ́ ẹ yà gba ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ pé tírélà kan ló ṣubú síwájú, ẹni yẹn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Àmọ́ ó lè jẹ́ àwọn ọmọ ìta ló gbé pákó dábùú ọ̀nà, tí wọ́n fẹ́ darí yín gba kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti máa gbowó lọ́wọ́ yín. Lójú ẹni tí kò mọ àdúgbò, bákan náà lọwọ́ tí wọ́n ń jù rí.

Bó ṣe rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ẹni tó ṣe ojú ewé kan lè fi àṣẹ pamọ́ sínú rẹ̀, àṣẹ tí ẹ̀yin ò ní rí lójú fóònù, àmọ́ tí browser máa rí. Oríṣii àṣẹ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan sọ pé, "Tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá báyìí, tún ojú ewé yìí ṣí." Èkejì sọ pé, "Gbé ẹni yìí kúrò níbí, mú un lọ sí ojú ewé mìíràn." Wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló burú. Ojú ewé tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lè máa tún ara rẹ̀ ṣí kẹ́ ẹ lè rí góólù tuntun. Iléeṣẹ́ tó ti pààrọ̀ àdírẹ́sì lè darí yín láti àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun, bí ẹni tó kó kúrò nílé tó fi àkọlé sílẹ̀ sára ilẹ̀kùn pé òun ti wà ní òpópónà kejì. Báǹkì náà máa ń ti ojú ewé tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹlòmíì má baà bá a ní ṣíṣí. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi agbára kan náà gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ ò fẹ́ dé.

Ẹ tún rántí pé bí ojú ewé kan ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣí, owó dátà yín ló ń jẹ. Ẹ ṣí i sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, ẹ lọ ro àmàlà. Kẹ́ ẹ tó dé, ó ti lè ṣí ara rẹ̀ nígbà àìmọye, ẹ sì máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá iléeṣẹ́ fóònù jà pé wọ́n jí dátà yín.

ÌDÍ TÓ FI JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Àgbà tí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tó ń fi awò kàwé, kì í kàwé bí ọmọ ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ lẹni tí rọpárọsẹ̀ ti bá ọwọ́ rẹ̀ jà, tí ìka rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ti ka ìlà mẹ́fà, ó kù díẹ̀ kó débi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, ojú ewé bá tún ara rẹ̀ ṣí, ó gbé e padà sókè pátápátá. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gbé e padà. Níkẹyìn, á jù ú sílẹ̀, á ní òun ò mọ̀wé tó. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀ rárá.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fáwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ìyẹn W3C tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ní 1994, ti sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1999 fún àǹfààní àwọn tó ní ìpèníjà ara. Wọ́n ní káwọn tó ń ṣe ojú ewé má ṣe é lọ́nà tó fi máa ń tún ara rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, títí dìgbà tí browser bá lè jẹ́ kẹ́ni tó ń kà á dá a dúró. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2008, wọ́n tún ṣàlàyé sí i: ojú ewé tó bá ní àkókò gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ni tó ń kà á lè pa àkókò náà, tàbí kó fi kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kìlọ̀ fún un kí àkókò tó tán, kó sì fún un ní ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú àáyá láti tẹ bọ́tìnì kan kó lè máa bá a lọ. Àwọn nǹkan bíi gbàǹjo tí kò ṣeé dá dúró wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin àgbà, tẹ́ ẹ bá rọra ń kàwé, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi yín ṣẹlẹ́yà.

Ìdí kejì ni ìpáyà. Kí wọ́n ṣàdédé sọ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé nǹkan burúkú ti wọ fóònù ẹ̀, pé ìṣẹ́jú kan péré ló kù, kí fóònù sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀, àyà ẹ̀ á já, ìfúnpá rẹ̀ á sì gbéra sókè. Ìdí kẹta ló le jù, òun ni oògùn.

"FÓÒNÙ MI LÓ NÍ KÍ N DÁ OÒGÙN DÚRÓ"

Màmá kan wà, ó ti lé lẹ́ni 60 ọdún, èlùbọ́ ló ń tà nítòsí ọjà Boundary. Amlodipine ni dókítà kọ fún un, ó sì ń lò ó dáadáa. Ìfúnpá rẹ̀ tó ti máa ń lé sókè tẹ́lẹ̀ ti wálẹ̀ sábẹ́ 140/90 tá a fẹ́. Nígbà tó tún padà wá, 190/110 ni ẹ̀rọ wa kà, ó sì ní orí ń fọ́ òun.

"Màmá, oògùn yín ńkọ́?" ni mo bi í.

"Nọ́ọ̀sì, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dá a dúró. Fóònù mi ló ní kí n dá a dúró."

"Fóònù yín kẹ̀?"

Ó na fóònù náà sí mi. Lóòótọ́, lókè fóònù níbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti máa ń jáde, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ní oògùn òyìnbó ń ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ní tíì kan wà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn láàárín ọjọ́ méje. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, màmá sì ti sanwó tíì náà.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ló gba fóònù náà wò. Ó ní: "Màmá, kì í ṣe fóònù ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o. Ẹnì kan lẹ ṣílẹ̀kùn fún."

"Ọkọ mi, èmi ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mò ń wá bí wọ́n ṣe ń lo oògùn mi ni, ó kàn gbé mi lọ síbòmíì. Wọ́n ní kí n tẹ 'Allow' kí n lè fi hàn pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo sì tẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ewé tí màmá ń kà ní àṣẹ kọ̀rọ̀ nínú, ó darí ẹ̀ lọ sí ojú ewé mìíràn. Ojú ewé kejì yìí sọ fún browser pé òun fẹ́ máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Browser ṣe iṣẹ́ ọlọ́dẹ tiẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá kó gbà tàbí kó má gbà. Àmọ́ gbájú-ẹ̀ tó ni ojú ewé náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ "Allow" ló jẹ́ èèyàn gidi. Bí màmá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti fún àjèjì láyè láti máa kàn sí i nígbàkúùgbà, kódà tí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kàwé. Ó sì wá ń dà bíi pé fóònù fúnra ẹ̀ ló ń gbà á nímọ̀ràn.

A gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, wọ́n dá a padà sórí oògùn ẹ̀, ara ẹ̀ sì balẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ pa àwọn ìfitónilétí náà rẹ́ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ 190/110 kì í ṣe eré. Irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ ló máa ń fa rọpárọsẹ̀.

BÍ ỌLỌ́DẸ GIDI ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Ọlọ́dẹ gidi kì í pariwo. Tí Firefox bá dá ojú ewé tó fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣí dúró, á kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí òkè, lábẹ́ ibi tí àdírẹ́sì wà, pé òun ti dá ojú ewé yìí dúró, kò jẹ́ kó tún ara rẹ̀ ṣí, tàbí pé kò jẹ́ kó gbé yín lọ síbòmíràn. Bọ́tìnì "Allow" á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti Chrome, á kọ "Redirect blocked" tàbí "Pop-ups blocked" sétí ojú fóònù. Ní 2017 ni Google kéde pé Chrome máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú àwọn ìpolówó tó ń gbé èèyàn lọ tipátipá dúró.

Ìgbà míì sì wà tí gbogbo ojú fóònù á pọ́n wẹ̀ẹ̀, tí wọ́n á kọ "Dangerous site" síbẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ sí ibi eléwu. Bọ́tìnì tó máa dá yín padà, "Back to safety", ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ má ṣe máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn nǹkan wọ̀nyí nípa ọlọ́dẹ gidi. Kò ní ka ìṣẹ́jú fún yín. Kò ní béèrè owó, kò ní béèrè nọ́ńbà káàdì, kò ní ní kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà fóònù kankan. Tẹ́ ẹ ò bá dá a lóhùn, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, ibi tẹ́ ẹ wà lẹ máa wà.

BÍ OLÈ TÓ WỌ AṢỌ ỌLỌ́DẸ ṢE Ń SỌ̀RỌ̀

Ìkánjú ni tiẹ̀. Á ní: "Fáírọ́ọ̀sì 13 ti wọ fóònù yín! Ẹ tẹ ibí kó tó bàjẹ́!" Aago á máa ka sẹ́yìn, fóònù á máa gbọ̀n. Irọ́ ni. Ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lásán kò lè wo inú fóònù yín kó ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró sí títì kò ṣe lè mọ iye eku tó wà nínú àká yín. Áàpù tó fẹ́ kẹ́ ẹ gbà sórí fóònù láti fi pa fáírọ́ọ̀sì náà gan-an ló lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì.

Nígbà míì, dídùn lohùn tiẹ̀: "Ẹ kú oríire, ẹ ti jẹ fóònù tuntun!" Tàbí kó gba orí WhatsApp wọlé, pé wọ́n ń pín dátà ọ̀fẹ́, tàbí owó ìrànwọ́ ìjọba. Irú ẹ̀ pọ̀ gan-an lásìkò kónílé-ó-gbélé 2020, nígbà tébi ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ máa tẹ líǹkì náà, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ yín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán, wọ́n á darí yín síbì kan, ibẹ̀ á tún darí yín síbòmíràn, títí tẹ́ ẹ fi máa débi tí wọ́n ti máa béèrè nọ́ńbà BVN tàbí nọ́ńbà káàdì. Dátà ọ̀fẹ́ kò ní dé láéláé. Àmọ́ ẹ ti fi orúkọ rere yín tan gbogbo ẹgbẹ́ ìyálọ́jà àti ẹbí yín jẹ.

Ọ̀pọ̀ ló tún máa ń sọ pé àwọn rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, pé ọkàn àwọn sì balẹ̀. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọ ni pé ẹlòmíì ò lè já wọ àárín ẹ̀yin àti ojú ewé náà. Kò sọ pé olóòótọ́ lẹni tó ni ojú ewé. Torí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà wà lára ìdí tí Chrome fi yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà àti Android ní 2023, tí wọ́n fi àmì mìíràn rọ́pò ẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ ṢE LÓJÚ ẸSẸ̀

Èkíní, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lójú fóònù. Ẹ mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́ nítorí pé ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan.

Èkejì, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè. Ṣé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ni? Tẹ́ ẹ bá ń wá ojú ewé JAMB, tó wá jẹ́ pé orúkọ kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé yín gba kọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá yín padà sẹ́yìn. Tí kò bá gbà, ẹ pa ojú ewé náà dé. Tó bá tún ń ṣagídí, ẹ jáde kúrò nínú browser pátápátá, kẹ́ ẹ sì lé e kúrò láàárín àwọn áàpù tó wà ní ṣíṣí. Ẹ má tẹ "OK" tàbí "Cancel" tí gbájú-ẹ̀ kọ sínú ojú ewé tiẹ̀, torí ibì kan náà làwọn méjèèjì lè gbé yín lọ.

Ẹ̀kẹrin, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ débi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì ibẹ̀ sókè, tàbí kẹ́ ẹ lo áàpù báǹkì yín. Ẹ má gba líǹkì kọjá.

Ìkarùn-ún, PIN, OTP àti nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, ẹ má kọ wọ́n sójú ewé tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n darí yín débẹ̀. Báǹkì kì í pe oníbàárà láti béèrè PIN tàbí OTP.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA GBÉ ỌLỌ́DẸ SẸ́NU Ọ̀NÀ

Lórí fóònù Android tó ń lo Chrome, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ wọ "Settings", kẹ́ ẹ wọ "Site settings", kẹ́ ẹ wá "Pop-ups and redirects". Ẹ rí i pé ó wà ní pípa, ìyẹn ni pé kó má gbà fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí "Site settings", ẹ wọ "Notifications". Gbogbo orúkọ tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ àwọn tẹ́ ẹ gbà láyè, tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, ẹ dí wọn pa. Ohun tí ọmọ ọmọ màmá ṣe nìyẹn, kò gbà á ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ń lo Firefox, ìyẹn ló ní èyí tó lè dá ojú ewé tó ń tún ara rẹ̀ ṣí dúró. Láyé Firefox àtijọ́, inú "Options" ló máa ń wà, wọ́n kàn máa ń fàmì sí i ni. Ní báyìí, ẹ máa kọ about:config síbi àdírẹ́sì, ẹ máa gbà pé ẹ ó ṣọ́ra, lẹ́yìn náà ẹ wá accessibility.blockautorefresh, kẹ́ ẹ yí i láti "false" sí "true". Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà nílé bá yín ṣe é, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan míì níbẹ̀. Ẹ rí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́? Abẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fẹ́ ìrọ̀rùn láti lo kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀yin tójú yín ò ríran dáadáa ni wọ́n ṣe é fún.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé ọlọ́dẹ kalẹ̀, ó lè máa dá àlejò rere náà dúró. Ẹ má bínú lé e kúrò. Tó bá jẹ́ ojú ewé èsì ìdánwò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì ẹ̀ ni Firefox dá dúró, ẹ lè tẹ "Allow" fún ìyẹn nìkan. A kì í torí àlejò kan ká wá ṣí géètì sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ tún máa jẹ́ kí browser yín gba àtúnṣe tuntun nígbà tó bá béèrè láti inú Play Store. Ọlọ́dẹ tó ti darúgbó kì í mọ ọgbọ́n olè tuntun.

Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọmọ tó ń fi fóònù yín ṣe géèmù tàbí tó ń wá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ wò lè dédé bára ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ tàbí tí wọ́n ti ń fi ìhòòhò hàn. Ó lè jẹ́ pé kò wá a lọ, wọ́n kàn gbé e débẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹgba bò ó kẹ́ ẹ tó bi í léèrè, lọ́jọ́ míì kò ní sọ fún yín mọ́. Ẹ kọ́ ọ pé: "Tí nǹkan bá fò jáde, gbé e wá fún mi, mi ò ní nà ọ́." Ẹ sì rántí pé fóònù tí àkáǹtì báǹkì yín wà nínú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ sì ń ka èyí fáwọn àgbà létí, ẹ má máa jágbe mọ́ wọn. Àwọn ló ní sùúrù kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń di okùn bàtà.

TÍ WỌ́N BÁ TI TẸ̀ Ẹ́ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ "Allow" nìkan, ẹ pa orúkọ wọn rẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá gba áàpù tẹ́ ẹ ò mọ̀ sórí fóònù, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti kọ nọ́ńbà káàdì tàbí OTP fún wọn, ẹ má dúró de àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní nọ́ńbà kúkúrú tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù kankan láti fi ti àkáǹtì pa. Ẹ lọ béèrè tiyín ní báǹkì lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fẹjọ́ sun àwọn ọlọ́pàá. Ìwà ọ̀daràn ni irú jìbìtì yìí lábẹ́ òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2015.

Tó bá jẹ́ oògùn lẹ rà níbi tí wọ́n darí yín lọ, ẹ má tíì lò ó. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ẹ sì gbé e wá sílé ìwòsàn ká jọ wò ó. Nọ́ńbà nìkan kò tó, torí àwọn ayédèrú náà máa ń tẹ nọ́ńbà sára ọjà wọn. A ò tíì gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé ti wọnú ẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 nílẹ̀ wa. Oògùn yẹn kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rà á. Mélòó mélòó wá ni èyí tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó tà á fún yín?

Tẹ́ ẹ bá sì ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró nítorí ohun tẹ́ ẹ kà, ẹ tètè wá ká wọn ìfúnpá tàbí ṣúgà yín. Ẹ má ṣe lo ìlọ́po méjì láti fi dí èyí tẹ́ ẹ ti pàdánù. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, a ò ní bú yín.

Ẹ gé ìsàlẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nítòsí ibi tẹ́ ẹ ti ń gba iná sí fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta ni, ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun:

Ṣé èmi ni mo wá síbí, àbí wọ́n gbé mi wá ni?

Ṣé ó ń kán mi lójú?

Ṣé owó, nọ́ńbà tàbí oògùn mi ló fẹ́ fọwọ́ kàn?

Tí ìdáhùn kan nínú ẹ̀ bá kọ yín lóminú, ẹ pa á dé, ẹ lọ bi ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà ara. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.